Ariwo ìsàlẹ̀ ilé kò jẹ́ kí a sùn: ta ni kí n tọ̀ lọ kí ọ̀rọ̀ tó di ti ọlọ́pàá?

Bàbá Tèmí (olùbéèrè):

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ọ̀rẹ́, mo kí gbogbo yín. Ọ̀rọ̀ kan ló dé bá mi tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí, nítorí ó ti di ohun tí mo ń rò níbi iṣẹ́, tí mo ń rò lójú ọ̀nà, tí mo sì ń gbé wọ orí ibùsùn lálaalẹ́.

Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Abúlé Ẹ̀gbá ní Èkó ni à ń gbé. Fíláàtì mẹ́rin ló wà níbẹ̀, méjì lókè, méjì nísàlẹ̀. Àwa wà lókè lápá ọ̀tún, èmi, ìyàwó mi àti ọmọ wa tí ó jẹ́ ọmọ oṣù mẹ́jọ. Victoria Island ni ibi iṣẹ́ mi wà, nítorí náà aago mẹ́rin ìdájí ni mo máa ń jí, mo sì gbọ́dọ̀ ti kúrò nílé kí aago márùn-ún tó lù, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ súnkẹrẹ-fàkẹrẹ yóò dá mi dúró sójú ọ̀nà títí ilẹ̀ yóò fi mọ́ kedere.

Ìdílé tí ó wà nísàlẹ̀ wa gan-an ni ẹjọ́ mi kàn. Ìyàwó ń ta ẹja yìnyín, èyí tí àwọn àgbà ní ìlú òkè ń pè ní òkú Èkó. Firísà mẹ́ta ló wà nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ níwájú ilé, nítorí náà, nígbàkígbà tí wọ́n bá ti mú iná lọ, jẹnẹrétọ̀ ńlá kan ni wọ́n máa ń tàn, abẹ́ fèrèsé yàrá tí a ń sùn ni wọ́n sì gbé e sí. Ó máa ń ṣiṣẹ́ títí di ìdájí. Ọkọ ní tirẹ̀ fẹ́ràn orin. Láti alẹ́ Ọjọ́bọ̀ títí di alẹ́ ọjọ́ Àìkú, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ á péjọ, sípíkà méjì tí ó ga tó ọmọ ọdún mẹ́wàá á bẹ̀rẹ̀ sí í dún, àwọn ife tí ó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù wa lókè á sì máa gbọ̀n lu ara wọn.

Mo ti bá a sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà àkọ́kọ́, ó bẹ̀ mí, ó sì dín in kù fún ọjọ́ mẹ́rin. Nígbà kejì, ó bi mí bóyá èmi ni mo ń bá òun san owó ilé. Nígbà kẹta, aago kan òru ni mo fi ìbínú sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ṣòkòtò pẹ́ńpẹ́ tí mo fi ń sùn, mo lu ilẹ̀kùn, ọ̀rọ̀ sì di èébú níwájú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni kò ti kí mi mọ́, tí orin náà sì ti lọ sókè sí i. Abẹ́òkúta ni onílé wa ń gbé. Bí a bá pè é, ohun tí ó máa ń sọ ni pé kí a yanjú rẹ̀ láàárín ara wa.

Ìyàwó mi ní kí n lọ fẹjọ́ sùn ní àgọ́ ọlọ́pàá. Èmi kò fẹ́ kí ó dé ibẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti sú mi. Ẹ̀yin tí irú èyí ti ṣẹlẹ̀ sí, kí ni ẹ ṣe, ta ni ẹ sì kọ́kọ́ tọ̀ lọ?

Alága Àná:

Bàbá Tèmí, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Mo ṣe alága ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò wa fún ọdún mẹ́fà, ẹjọ́ ariwo tí wọ́n gbé wá síwájú mi sì pọ̀ ju ẹjọ́ ààlà ilẹ̀ lọ. Ohun tí mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ lè má dùn mọ́ yín: ìgbà kẹta yẹn ló ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ọkùnrin tí a bá lu ilẹ̀kùn mọ́ lórí lóru níwájú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kì í gbọ́ ohun tí a ń wí. Ìtìjú rẹ̀ ló ń gbọ́, òun ló sì ń dá lóhùn títí di òní.

Síbẹ̀, n kò sọ pé kí ẹ dákẹ́. Àwọn baba wa ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Ẹ̀yin ti sọ, ṣùgbọ́n ibi tí ẹ ti sọ ọ́ àti wákàtí tí ẹ sọ ọ́ ni kò dára. Ọ̀sán tàbí ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú ni kí ẹ lọ, kí àwọn àlejò tó dé. Ẹ wọ aṣọ tó bójú mu. Ẹ mú ìyàwó yín dání, kí ẹ sì rí i pé ìyàwó tirẹ̀ náà wà níbẹ̀, nítorí nínú ẹjọ́ báyìí àwọn obìnrin ló sábà máa ń mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti lè rọ̀. Bí àgbàlagbà kan bá wà nínú ilé tàbí ní ìkọjá títì tí ọkùnrin náà ń bọ̀wọ̀ fún, ẹ bẹ̀ ẹ́ kí ó bá yín jókòó. Kó má sọ̀rọ̀ púpọ̀ o, kí ó kàn wà níbẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá sì ń sọ̀rọ̀, ẹ má ṣe sọ pé “ẹ ń pariwo” tàbí “ẹ kò ro ti ẹlòmíràn.” Ta ló fẹ́ gbà pé òun kì í ro ti ẹlòmíràn? Ẹ sọ wákàtí tí ẹ ń jí, ẹ sọ ọjọ́ orí ọmọ yín, kí ẹ wá béèrè ohun kan pàtó tí ó ní aago nínú. “Ẹ jọ̀ọ́, kí orin sinmi ní aago mẹ́wàá” jẹ́ ohun tí ènìyàn lè gbà tàbí kí ó dúnàá-dúrà lé lórí. Àwọn tí mo rí tí wọ́n kàn ní “ẹ máa ṣe jẹ́jẹ́” ní wọ́n ń padà wá sọ́dọ̀ mi lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, nítorí jẹ́jẹ́ tiyín lè jẹ́ ariwo létí ẹlòmíràn, jẹ́jẹ́ tirẹ̀ náà sì lè jẹ́ ariwo létí yín.

Lẹ́yìn náà, ẹ bi wọ́n léèrè ohun tí ó ń da àwọn náà láàmú láti ọ̀dọ̀ yín. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Nínú ẹjọ́ mẹ́wàá tí mo dá, mo lè fọwọ́ sọ̀yà pé ó kéré tán nínú mẹ́fà ni olùfisùn náà ní ohun kan tí ó ń ṣe tí kò mọ̀.

Ẹ ra ìwé kékeré kan pẹ̀lú, kí ẹ máa kọ ọjọ́ àti aago tí ariwo bẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tí ó dáwọ́ dúró sínú rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá kọjá ti inú ilé, ìwé yẹn ni wọn yóò kọ́kọ́ béèrè. Ohun tí ẹ kò sì gbọdọ̀ ṣe rárá ni kí ẹ gbé e sórí ẹgbẹ́ WhatsApp ilé yín. Mo ti rí ilé tí ó tú ká lórí irú rẹ̀.

Ìyá Ẹlẹ́ja:

Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ fi orin sí ẹ̀gbẹ́ kan ná, kí ẹ jẹ́ kí á sọ̀rọ̀ nípa firísà. Ó ti lé ní ọdún mẹ́tàdínlógún tí mo ti ń ta ẹja yìnyín, mo sì lè sọ fún yín pé obìnrin náà ń fi owó rẹ̀ jóná lóru ni. Ẹ̀rù ló ń bà á. Ẹ̀rù ba èmi náà bẹ́ẹ̀ nígbà kan, nítorí páálí ẹja kan tí ó bá bàjẹ́ lè gbé èrè ọ̀sẹ̀ kan lọ.

Firísà tí ó kún dáadáa, tí ẹnikẹ́ni kò ṣí, lè mú yìnyín rẹ̀ dání fún nǹkan bí wákàtí 48 láìsí iná. Èyí tí ó kún dé ìdajì lè ṣe nǹkan bí wákàtí 24. Ṣíṣí tí a ń ṣí i lọ́sàn-án fún oníbàárà ló ń ba nǹkan jẹ́, ṣùgbọ́n ta ló ń ra ẹja ní aago kan òru? Ohun tí èmi ń ṣe ni pé mo máa ń tan jẹnẹrétọ̀ láti nǹkan bí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ títí di aago mẹ́wàá, kí ẹja tún fi dì gbagidi lẹ́yìn ìṣíkúṣìí ọ̀sán, lẹ́yìn náà mo pa á, mo sì lọ sùn. Mo máa ń rọ omi sínú ike, n kì í rọ ọ́ kún dé ẹnu, mo á jẹ́ kí ó dì, mo á sì fi dí gbogbo àlàfo tí ó bá ṣẹ́ kù nínú firísà bí ọjà bá ti lọ. Bí ẹja mi bá ti ku díẹ̀ nínú firísà méjì, mo á kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ sínú ọ̀kan. Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún ọdún 2023 ni mo ti ń ṣe báyìí, ẹja kan kò sì tíì jẹrà mọ́ mi lọ́wọ́ nítorí òru.

Nítorí náà, ẹ má bá a sọ ọ̀rọ̀ ariwo. Kí ìyàwó yín bá ìyàwó rẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ owó epo. Ẹ ó rí i pé etí rẹ̀ á là.

Ohun kan tún wà tí ó kọjá ariwo, tí ó sì ń bà mí lẹ́rù nínú ohun tí ẹ kọ. Jẹnẹrétọ̀ lábẹ́ fèrèsé ọmọ oṣù mẹ́jọ! Èéfín rẹ̀ ní oró tí kò ní òórùn tí ojú kò sì lè rí, ó sì máa ń pa odindi ìdílé mọ́ ojú oorun. Ó yẹ kí ó jìnnà tó ẹsẹ̀ bàtà 20 sí fèrèsé àti ilẹ̀kùn èyíkéyìí, kí ẹnu tí ó ń yọ èéfín sì kọ ẹ̀yìn sí ilé. Ẹ má dúró de ọjọ́ Àìkú lórí ìyẹn. Òní ni kí ẹ sọ ọ́, ẹ sì ti fèrèsé yẹn pa nígbà tí ó bá ń ṣiṣẹ́.

Má-fi-ayé-ni-mí-lára:

Ẹ kó kúrò níbẹ̀, kí ẹ sinmi. Onílé tí kò bìkítà kò yẹ lẹ́ni tí a ń san owó fún.

Alága Àná:

Ẹni tí ó ní kí wọ́n kó kúrò, ṣé ẹ̀yin ni ẹ ó san owó ilé tuntun, owó aṣojú, owó àdéhùn àti owó ọkọ̀ akẹ́rù? Ta ló sì sọ fún yín pé ẹni tí wọn yóò bá ní ilé kejì kò ní ilù nílé?

Akọ̀wé Òfin:

Ọ́fíìsì àwọn agbẹjọ́rò ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n èmi fúnra mi kì í ṣe agbẹjọ́rò, nítorí náà ẹ gba ohun tí mo bá sọ gẹ́gẹ́ bí atọ́nà lásán.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi ọlọ́pàá tí ìyàwó yín dárúkọ. Òfin Ọlọ́pàá ti ọdún 2020 sọ ọ́ ní abala 32 pé a kò gbọdọ̀ mú ènìyàn nítorí aáwọ̀ lásán láàárín ẹnì kan sí ẹnì kejì tàbí nítorí àdéhùn tí a kò mú ṣẹ. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé ọwọ́ lé yín tàbí tí ó bá halẹ̀ láti ṣe yín léṣe, ìyẹn ti di ti ọlọ́pàá lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ orin àti jẹnẹrétọ̀ nìkan, ó ṣeé ṣe kí wọ́n kàn ní kí ẹ lọ bá ara yín sọ ọ́, ẹ ó sì padà sílé bá ọ̀tá tí inú rẹ̀ ti wá le sí i.

Ti onílé yín ni ó yà mí lẹ́nu. Òfin Ilé Yíyá ti Ìpínlẹ̀ Èkó ti ọdún 2011 fún ayálégbé ní ẹ̀tọ́ láti gbé inú ilé tí ó san owó rẹ̀ ní àlàáfíà, láìsí ìdààmú tí kò yẹ. Àwọn agbègbè bí Ìkòyí àti Victoria Island ni òfin náà yọ sílẹ̀. Abúlé Ẹ̀gbá kò sí lára wọn. Ẹ má pè é lórí fóònù mọ́. Ẹ kọ lẹ́tà sí i, kí ẹ fi ẹ̀dà àwọn ọjọ́ àti aago tí ẹ ti kọ sílẹ̀ mọ́ ọn, kí ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà kan sọ́wọ́. Onílé tí ó máa ń sọ pé “ẹ yanjú rẹ̀” lórí fóònù sábà máa ń wọ ọkọ̀ wá sí Èkó nígbà tí ó bá rí ìwé.

Lórí ariwo fúnra rẹ̀, àjọ LASEPA tí ń mójú tó àyíká ní Ìpínlẹ̀ Èkó fi òdiwọ̀n lélẹ̀ fún àdúgbò tí ènìyàn ń gbé: 55 ní ọ̀sán, 45 ní òru, lórí òṣùwọ̀n tí à ń pè ní dẹ̀síbẹ̀lì. Ó lè dà bí ẹni pé 10 tí ó wà láàárín wọn kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n a kì í ka òṣùwọ̀n yìí bí ẹni ń ka owó. Ariwo tí ó bá fi 10 ju òmíràn lọ máa ń dún bí ìlọ́po méjì rẹ̀ létí ènìyàn. Ìlànà ìjọba àpapọ̀ lórí ariwo, tí ó jáde ní ọdún 2009, sì ka òru láti aago mẹ́wàá alẹ́ títí di aago mẹ́fà òwúrọ̀. Nítorí náà, aago mẹ́wàá tí Alága dárúkọ kì í ṣe aago tí àgbà kàn fẹnu sọ. Ẹ lè fi fóònù yín wọn ariwo náà kí ẹ lè mọ ibi tí ó dé, àmọ́ àwọn òṣìṣẹ́ LASEPA yóò fi ẹ̀rọ tiwọn wọ̀n ọ́n bí ẹ bá fi ẹ̀sùn kàn.

Ṣùgbọ́n ká tó dé LASEPA, ibi kan wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fò kọjá, ìyẹn ni ibùdó ìlàjà tí ó wà lábẹ́ ilé-iṣẹ́ ètò ìdájọ́ Ìpínlẹ̀ Èkó, tí a mọ̀ sí CMC. Wọn kì í gba kọ́bọ̀. Wọ́n á kọ̀wé pe ẹnì kejì, wọ́n á jókòó ti yín, bí ẹ bá sì fẹnu kò, wọ́n á kọ àdéhùn náà sílẹ̀, ẹ̀yin méjèèjì á sì fọwọ́ sí i. A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ibẹ̀ kì í ṣe kóòtù. Mo mọ àwọn tí wọ́n ti ibẹ̀ bọ̀ tí wọ́n ṣì ń bá ara wọn pín ọbẹ̀.

Alárìíyá Tẹ́lẹ̀:

Ó yẹ kí n sọ̀rọ̀ níbí yìí, nítorí èmi ni ọkùnrin ìsàlẹ̀ yẹn. Kì í ṣe ti Abúlé Ẹ̀gbá o, ti Ìbàdàn ni, ní nǹkan bí ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn.

Ohun tí ẹni tí ó wà lókè kì í mọ̀ ni pé ẹni tí ó wà nínú yàrá pẹ̀lú sípíkà kò gbọ́ ohun tí ẹ ń gbọ́. Èmi ń gbọ́ orin: mò ń gbọ́ gìtá, mò ń gbọ́ ohùn akọrin, mò ń gbọ́ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Ògiri máa ń dá gbogbo ìyẹn dúró. Béèsì nìkan ló ń gba inú ògiri àti òkè àjà kọjá, nítorí náà, ohun tí màmá tí ó wà lókè mi ń gbọ́ kò ju gbì, gbì, gbì lọ fún wákàtí márùn-ún. Nígbà tí wọ́n bá ní mò ń yọ wọ́n lẹ́nu, mo máa ń rò pé orin mi ni wọn kò fẹ́ràn, tàbí pé wọ́n ń jowú ìgbádùn mi. Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ohun tí mo rò nìyẹn.

Ohun tí ó yí mi padà kì í ṣe ẹ̀bẹ̀, kì í sì í ṣe ìhàlẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, màmá náà ní kí n fi orin mi sílẹ̀ bí ó ṣe máa ń wà, kí n wá bá òun jẹun lókè. Mo gùn lọ. Ó gbé iyán síwájú mi, kò sọ nǹkan kan. Omi tí ó wà nínú ife mi ń mì. N kò jẹ iyán náà tán tí mo fi sọ̀ kalẹ̀ lọ pa á.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rẹ́ mi kan tí ń ṣe iṣẹ́ ẹ̀rọ orin sọ fún mi pé igun yàrá tí mo gbé sípíkà sí wà lára ohun tí ó fa wàhálà, nítorí igun máa ń sọ béèsì di ńlá. A gbé wọn kúrò ní igun, a fi fóòmù líle tẹ́ abẹ́ wọn kí wọ́n má bàa fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀ ní tààràtà, mo sì yí béèsì sílẹ̀ lẹ́yìn aago mẹ́sàn-án. Orin mi kò kú. Ẹ pè é wá sókè, Bàbá Tèmí. Kí ó wá jókòó sórí ibùsùn yín fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré.

Bàbá Tèmí (olùbéèrè):

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti kọjá, mo sì jẹ yín ní ìròyìn.

Ọ̀rọ̀ èéfín ni mo kọ́kọ́ sọ, ní ọjọ́ kejì gan-an tí Ìyá Ẹlẹ́ja kọ̀wé, ìyàwó ni mo sì sọ ọ́ fún. Kò bá mi jiyàn rárá. Ó ní òun náà máa ń ní orí fífọ́ láàárọ̀. A gbé jẹnẹrétọ̀ náà lọ sí ẹ̀yìn táǹkì omi, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fẹ́ǹsì. Wáyà kò dé ibẹ̀, nítorí náà a jọ dá owó ra èyí tí ó gùn. Ìyàwó mi sì bá a sọ ọ̀rọ̀ owó epo gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe wí. Òru àkọ́kọ́ tí ó pa á ní aago mẹ́wàá ààbọ̀, ó sọ pé òun jí lẹ́ẹ̀mẹrin lọ fọwọ́ kan ẹja. Ó ti ń sùn báyìí.

Ní ọjọ́ Àìkú, màmá kan tí ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, tí ó ń gbé ní fíláàtì kejì nísàlẹ̀, bá wa jókòó. Mo kọ́kọ́ bẹ ọkùnrin náà fún ti òru ọjọ́ yẹn, ìyẹn sì ṣòro fún mi ju gbogbo ohun tí ó kù lọ. Lẹ́yìn náà, ó gùn wá sókè. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló wà nídìí orin nísàlẹ̀. Ó jókòó sí etí ibùsùn, ó wo òkè, ó wo ilẹ̀, ó wá bi mí pé, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé báyìí ló ṣe máa ń rí ni?” A fi í sí aago mẹ́wàá, àfi Sátidé tí ó bẹ̀bẹ̀ fún aago méjìlá.

Mo wá rántí ohun tí Alága ní kí n béèrè, mo sì béèrè. Àwọn tọkọtaya náà wo ojú ara wọn. Ìyàwó ló sọ ọ́. Ẹ̀rọ tí mo fi ń fa omi sí táǹkì ní aago mẹ́rin ìdájí, ẹ̀yìn fèrèsé yàrá wọn gan-an ló wà. Láti bí ọdún kan àbọ̀ tí a ti dé ilé náà ni mo ti ń jí wọn lójoojúmọ́ iṣẹ́, wọn kò sì sọ ọ́ rí. Ìyàwó mi dijú. Mo ka ohun tí Akọ̀wé Òfin kọ nípa aago mẹ́fà òwúrọ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i ní alẹ́ ọjọ́ náà, ojú sì tì mí. Alẹ́ ni mo ń fa omi báyìí, kí aago mẹ́sàn-án tó lù.

Kò tíì tán pátápátá. Sátidé àkọ́kọ́, wọ́n pa orin ní aago méjìlá gééré. Sátidé kejì, ó di aago kan kọjá. N kò sọ̀ kalẹ̀, mo kàn fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí i, ogún ìṣẹ́jú lẹ́yìn náà ni ó tó rọlẹ̀. N kò tíì kọ lẹ́tà sí onílé. Ìwé kékeré náà ṣì wà lábẹ́ ìrọ̀rí mi, ohun tí mo sì kọ kẹ́yìn sínú rẹ̀ ni: Ọjọ́rú, aago mẹ́wàá ku ìṣẹ́jú mẹ́ta, wọ́n pa jẹnẹrétọ̀.